Ilé Tí A Kì Í Ti Pariwo Góòlù

Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Mádínà, àdúgbò kan ní Àkúrá, a kì í pariwo góòlù. Tí Ghana bá ń gbá bọ́ọ̀lù, pàápàá tó bá jẹ́ Nàìjíríà ni wọ́n ń bá gbá, màmá mi á tètè ti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta òwú, bọ́tìnì àti síìpù. Wọ́n á kó wa wọlé, wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á fa kọ́tìnì bò ó, a ó sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bí adìẹ tó sá fún òjò. Tí ariwo bá wá sọ lóde, tí gbogbo àdúgbò ń lu ìdérí ìkòkò, tí àwọn awakọ̀ ń fọn fèrè, màmá mi á fi ìka kan lé ẹnu. Wọn kì í sọ pé ẹ dákẹ́. Ìka yẹn ti tó.

Bàbá mi, tí wọ́n ti lọ sinmi báyìí, kì í bá wọn jiyàn. Wọ́n á lẹ rédíò kékeré wọn mọ́ etí, ojú wọn á sì máa tàn bí ojú ẹni tó ń jẹ súìtì nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń gbádùn bọ́ọ̀lù nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì nílé-ìwé, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá ń sọ bí wọ́n ṣe sáré yí àdúgbò ká tí wọ́n jó títí bàtà fi já, èmi á máa wò wọ́n, màá ní lọ́kàn ara mi pé àwọn wọ̀nyí kò ní ẹ̀kọ́ ilé.

Mo dàgbà, mo kọ́ṣẹ́ aránṣọ, mo lọ́kọ, mo bímọ. Aṣọ ilé-ìwé ni mò ń rán jù, nítorí Mádínà kún fún ọmọdé. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Tákóràdí, ìparí oṣù ló ń wálé, nítorí náà èmi, màmá mi àti ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo la jọ ń gbé. Ara mi le, n kì í ṣojo. Mo lè bá awakọ̀ tírótìró, bọ́ọ̀sì akérò wa, fa ọ̀rọ̀ láti Mádínà títí dé ọjà Makola lórí ṣéńjì mi. Tí wọ́n bá ń sunkún níbi òkú, èmi ni mo máa ń di àwọn èèyàn mú. Ẹkún kò já mi láyà rí. Ariwo ayọ̀ ló ń já mi láyà. Tí àwọn èèyàn púpọ̀ bá bú sí ayọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bóyá níbi ìgbéyàwó ni o, bóyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ mi á tutù, inú mi á lọ́, ojú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀kùn. Mo ti fi ọgbọ́n bò ó tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ mi gan-an rò pé ìgbọ̀nsẹ̀ ló máa ń ṣe mí ní gbogbo òde.

Ọmọ mi ló tú àṣírí mi.

Nígbà tí mo lóyún rẹ̀ ni mo ti pinnu pé n kò ní fi ìka lé ẹnu fún un láé, n kò sì ní ti fèrèsé mọ́ ọn. Mo pa ìpinnu náà mọ́. Ọmọ náà yára bí iná, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Tí o bá bá a sọ Yorùbá, yóò gbọ́ ọ délẹ̀délẹ̀, yóò sì fi Twi dá ọ lóhùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ghana ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú orílẹ̀-èdè kan, èmi wà lórí máṣíìnì, òun ń ṣeré nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi pẹ̀lú àwọn àjákù aṣọ. Ghana gbá a wọlé. Àdúgbò bú! Nígbà tí mo fi máa wẹ̀yìn, n kò rí ọmọ mọ́. Ó ti wọ abẹ́ tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, ó ká orúnkún mọ́ àyà, ó di etí.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Kí ló dé?"

Ó ní ẹ̀rù ń ba òun.

"Kí lò ń bẹ̀rù? Góòlù ni wọ́n gbá, ayọ̀ ni wọ́n ń yọ̀."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo òpùrọ́. "Màmá, ẹ̀rù ń ba ẹ̀yin náà. Ẹsẹ̀ yín dúró lórí máṣíìnì. Ẹ kò mí."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà gbogbo ni mo rò pé ẹ̀rù mi kò ràn án. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ti ń ka èémí mi láti ọjọ́ tí mo ti ń pọ̀n ọ́n.

Mo dìde, mo lọ bá màmá mi nínú yàrá wọn. Wọ́n ń to síìpù sí páálí, pupa sọ́tọ̀, dúdú sọ́tọ̀. Ara mi gbóná, n kò tilẹ̀ mọ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀ sí yín tó fi jẹ́ pé tí àwọn èèyàn bá ń yọ̀, a máa ń sá?"

Wọ́n ní, "Ta ló sá?"

"Èmi. Ẹ̀yin. Ọmọ mi náà ti bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ tábìlì ni mo ti yọ ọ́ báyìí."

Ọwọ́ wọn dúró lórí síìpù. Mo mọ̀, bí gbogbo ọmọ ilé wa ṣe mọ̀, pé wọ́n bí màmá mi sí Àkúrá yìí, pé nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ìjọba pàṣẹ kí àjèjì tí kò bá ní ìwé máa lọ sí ìlú rẹ̀, àti pé ọkọ̀ ẹrù ló gbé wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọn kò rí rí. Ibi tí ìtàn náà máa ń parí sí nìyẹn. "A lọ, a sì padà," wọ́n á ní, wọ́n á sì béèrè bóyá mo ti jẹun.

Lọ́jọ́ yẹn wọn kò béèrè oúnjẹ. Wọ́n ní, "Mo jó."

"Ẹ jó?"

"Mo jó, ọmọ mi. Àní mo jó dáadáa."

Wọ́n wá ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ń yára tẹ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ bí omi tó já ògiri. Bàbá wọn ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí Makola, abọ́ tánńganran ni wọ́n ń tà, bàsíà, àwo, kọ́ọ̀pù, gbogbo rẹ̀ ní òdòdó aláwọ̀ búlúù létí. Nígbà tí àṣẹ ìjọba jáde, bàbá wọn ní kò kan àwọn, àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà èwe, tí wọ́n ti bímọ síbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, màmá mi wà lẹ́yìn ilé, wọ́n gbọ́ tí àwọn èèyàn ń lu abọ́ lójú títì, orin ń lọ, àtẹ́wọ́ ń ró. Wọ́n rò pé ọdún Hòmówò tí àwọn Gá máa ń ṣe ló tètè dé. Wọ́n sáré jáde, wọ́n kó sáàárín èrò. Ọmọbìnrin kan rẹ́rìn-ín sí wọn, ó fún wọn ní àwo kan àti ṣíbí, àwọn náà sì ń lù ú, wọ́n ń jó, wọ́n ń bá èrò lọ.

"Mo jó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù wa," màmá mi wí. "Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Inú ṣọ́ọ̀bù ti ṣófo. Mo wá wo àwo ọwọ́ mi, mo rí òdòdó búlúù."

Mo jókòó tì wọ́n, lẹ́bàá páálí síìpù.

"Mo fẹ́ ké pe bàbá mi. Wọ́n fi ìka lé ẹnu, báyìí. Wọn kò fẹ́ kí àwọn èrò yẹn mọ̀ pé ọmọ Aláta, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí, ni mí. Mo sì dákẹ́. Mo dúró pẹ̀lú àwọn tó ń kó bàbá mi lẹ́rù, mo ń wo bàbá mi bí ẹni tí n kò mọ̀ rí, títí tí èrò fi tú ká."

"Kí ni wọ́n sọ fún yín lẹ́yìn náà?"

"Kò sí. Títí wọ́n fi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọn kò sọ ọ́. Èmi náà kò sọ ọ́. Kí ni ǹ bá sọ?"

Mo di ọwọ́ wọn mú. Ẹ wò ó, ó yẹ kí n sunkún, ṣùgbọ́n ohun tí mo ní lára lọ́jọ́ yẹn dà bí ìgbà tí ẹni tó ti sọ kọ́kọ́rọ́ nù láti ọjọ́ pípẹ́ bá bá a lápò aṣọ. Mo ti rò pé wèrè ni mí! Gbogbo ọdún tí mo fi ń sá kúrò lóde ìgbéyàwó, ọmọ kékeré kan tó di àwo mú ni mò ń bá sá. Mo fò dìde, mo ń rìn káàkiri yàrá, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń nu ojú. Màmá mi ń wò mí. Wọ́n ní, "Ṣé orí rẹ pé báyìí?"

Mo ní, "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pé ni."

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ó di pé Ghana àti Nàìjíríà máa kojú ara wọn lórí ẹni tí yóò lọ sí Ìdíje Àgbáyé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà ní Àkúrá nígbà náà, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Àsíá pupa, àwọ̀ wúrà àti àwọ̀ ewé wà lórí gbogbo ọkọ̀. Àwọn tó ń gba owó ọkọ̀ wọ jẹ́sì, kódà ẹni tó ń ta ẹ̀kọ kéńkè lẹ́nu ọ̀nà wa fi àsíá wé orí. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì, èyí tó máa yanjú ọ̀rọ̀, Àbújá ni wọ́n ti máa gbá a. Aládùúgbò wa, obìnrin kan tí ògiri kan ṣoṣo pín yàrá rẹ̀ àti ti màmá mi níyà, sọ pé òun máa gbé tẹlifíṣọ̀n òun síta sí àárín àgbàlá kí gbogbo ilé lè wò ó.

Mo sọ fún ọmọ mi pé, "Èmi àti ẹ máa jókòó síta."

Ojú rẹ̀ là. "Kí lẹ máa ṣe tí wọ́n bá pariwo?"

"Màá máa mí. Wàá máa gbọ́ mi."

Ó rò ó díẹ̀. "Jẹ́sì wo ni mo máa wọ̀?"

Ìbéèrè yẹn rú mi lójú, lẹ́yìn náà ó dùn mọ́ mi títí dé egungun. Aránṣọ ni mí, àbí n kì í ṣe aránṣọ? Mo ra jẹ́sì Ghana, mo ra ti Nàìjíríà, mo fi sísọ́ọ̀sì gé wọn sí méjì, mo rán ìdajì mọ́ ìdajì. Apá òsì funfun pẹ̀lú ìràwọ̀ dúdú, apá ọ̀tún àwọ̀ ewé. Nígbà tí ọmọ náà wọ̀ ọ́ jáde, màmá mi kígbe, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n pa ọmọ yìí ni?" wọ́n sì wọ yàrá wọn lọ, wọ́n ti fèrèsé.

Nírọ̀lẹ́, àgbàlá kún fọ́fọ́. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì, sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, sórí ẹ̀rọ ìlọta tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n rí jẹ́sì ọmọ mi, ẹ̀rín bẹ́. Ẹnì kan ní kí ó máa fi apá òsì jókòó sọ́dọ̀ àwọn, kí ó gbé apá ọ̀tún lọ sí Èkó. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ mi tutù bí ẹja.

Bọ́ọ̀lù kò tíì gbóná tí Ghana fi gbá a wọlé. Áà! Ilẹ̀ mì! Àwọn èèyàn fò, bẹ́ńṣì ṣubú, omi inú ọ̀rá fọ́ sí wa lára. Ojú mi ti ń wá ilẹ̀kùn. Èékánná ọmọ mi wọ mi lára. Mo fi ẹnu sí etí rẹ̀, mo mí sínú, mo mí síta, mo mú kó dún bí ti màlúù. "Ṣé o gbọ́?" Ó mi orí. "Ìwọ náà ṣe é." Àwa méjèèjì ń mí fìì, fìì, bí ẹni tó gun òkè, láàárín àwọn tó ń fò, ariwo náà sì rọlẹ̀, a ṣì wà lórí ìjókòó wa. A wà níbẹ̀! Mo wo ojú ọmọ mi, ó wo tèmi, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu wa.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn màmá mi ṣí. Wọ́n jáde, gèlè wà lọ́wọ́, wọ́n gba àárín èrò kọjá. "Ó tó. Ẹ dìde. Gbé ọmọ wá, ẹ wọlé."

"Màmá, ẹ jókòó tì wá."

"Mo ní ẹ wọlé!"

Kí n tó dáhùn, rẹfirí fọn fèrè. Pẹ́nárítì! Pẹ́nárítì fún Nàìjíríà! Igbe ìbínú sọ, gbogbo èèyàn ń bú rẹfirí, màmá mi yíjú láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì gbàgbé ara wọn síwájú tẹlifíṣọ̀n gan-an. Agbábọ́ọ̀lù sáré wá, ó gbá a. Ó wọlé.

"GÓÒLÙÙÙ!"

Ọ̀kan ṣoṣo ni ohùn náà ní gbogbo àgbàlá. Màmá mi ni. Ọwọ́ wọn méjèèjì wà lókè, gèlè ti fò lọ sórí okùn aṣọ, wọ́n ń fò ní ibi tí wọ́n dúró sí, obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn. Ọwọ́ wọn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ojú wà lára wọn. N kò lè mí mọ́, mo gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, ẹnì kan sọ ọ́ ní Yorùbá tó já geere, Yorùbá Èkó pọ́ńbélé: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lójú tẹlifíṣọ̀n! Ṣé gíláàsì lẹ rò pé ẹ jẹ́ ni?"

Gbogbo wa wẹ̀yìn. Aládùúgbò wa ni. Ó ti fi ọwọ́ bo ẹnu, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ jábọ́ lẹ́nu.

Màmá mi tọ́ka sí i. "Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn? Ìwọ?"

"Èmi ni, Màmá."

"O gbọ́ Yorùbá?"

"Muṣin ni wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ ni mo gbé títí ìjọba Nàìjíríà fi ní kí àwa ọmọ Ghana máa lọ. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n èdè náà kò lọ lẹ́nu mi."

"Láti ìgbà wo lo ti ń gbọ́ ohun tí à ń sọ nínú yàrá?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti kó wá."

Mo rí i lójú màmá mi bí wọ́n ṣe ń ṣírò gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ lẹ́bàá ògiri yẹn. Obìnrin náà ràn wọ́n lọ́wọ́. "Ẹ ní ọbẹ̀ mi dà bí omi ìfọwọ́."

Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Twi fún àwọn tó kù, àgbàlá sì tú! Ẹ̀rín pa wá tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wo bọ́ọ̀lù mọ́. Màmá mi bo ojú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ń sọ pé ọbẹ̀ ọjọ́ kan péré ni àwọn ń sọ. Obìnrin náà dìde, ó kúnlẹ̀ kí wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọ Muṣin tí wọ́n tọ́ dáadáa, màmá mi sì fà á dìde, wọ́n gbá a mọ́ra. Mo gbọ́ tí ó ń sọ fún wọn pé nínú ọkọ̀ tó ń gbé àwọn bọ̀ láti Èkó, ìyá òun sọ fún òun pé kí òun fi èdè yẹn sílẹ̀ sí ẹnubodè, ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu òun ní Àkúrá yóò rò pé àwọn kó owó dé, wọ́n á wá jà wọ́n lólè. "Tí ẹ bá ti ń bá ọmọ-ọmọ yín wí lálẹ́," ó ní, "mo máa ń pa rédíò mi kí n lè gbọ́."

Ẹnì kan kígbe lẹ́yìn pé kí àwọn Aláta méjèèjì jókòó, bọ́ọ̀lù ṣì ń lọ. Wọ́n jókòó, lórí bẹ́ńṣì kan náà.

Èmi náà wà nínú wàhálà tèmi. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ obìnrin yìí, Twi la fi ń sọ̀rọ̀, bí ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, kò sí àgbà kò sí ọmọdé nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jù mí lọ dáadáa. Nísinsìnyí tí Yorùbá ti wọ̀ ọ́, mo la ẹnu láti pè é, "ẹ" ló jáde. Ó gbá mi léjìká. "Ẹ kẹ̀? Lónìí ni mo dàgbà?"

Ọ̀mì ni wọ́n gbá, góòlù tí Ghana gbá nílé onílé sì gbé wọn lọ sí Ìdíje Àgbáyé. Nígbà tí rẹfirí fọn fèrè ìkẹyìn, n kò mọ bí màá ṣe sọ ariwo náà fún yín. Ó jáde láti Mádínà, láti Àkúrá, láti abẹ́ ilẹ̀. Mo wo ọmọ mi. Ó ti dìde sórí bẹ́ńṣì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó di ojú pa, ó la ẹnu gbàgà, ó sì ń pariwo ju gbogbo wọn lọ. Ẹ̀rù ń bà á, ó ń yọ̀. Mo gun bẹ́ńṣì náà, mo dúró tì í, mo pariwo. Ohùn tó jáde lẹ́nu mi, n kò tíì gbọ́ ọ rí. Ó dùn. Ó dùn débi pé mo tún un ṣe.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Inú mi ṣì máa ń lọ́ nígbà mìíràn, màmá mi sì ń ti fèrèsé tí wọ́n bá ń díbò. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ni aládùúgbò wa fi ń wá sọ́dọ̀ wọn báyìí, láti wá sọ Yorùbá. Màmá mi ní Yorùbá rẹ̀ rí bí ti ọmọ ìta. Òun náà ní Yorùbá màmá mi kún fún eruku Bíbélì. Ọmọ mi ń jókòó láàárín wọn, ó ń kó èébú méjèèjì jọ, ó sì ti ń fi dá mi lóhùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ tírótìró lọ sí Kaneshie láti lọ ra òwú. Ọkọ̀ kò tíì kúrò ní ibùdó tí àwọn méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ ìjà lórí pẹ́nárítì ọjọ́ yẹn. Màmá mi ní pẹ́nárítì ni. Aládùúgbò wa ní ojú rẹfirí ló fọ́. Yorùbá ni wọ́n ń fi jà, ohùn sì ga. Ẹni tó ń gba owó ọkọ̀ yíjú padà. "Ẹ̀yin Aláta," ó ní, "kí lẹ ń jà lé lórí?"

Mo fa ọmọ mi mọ́ra. Màmá mi na ọrùn síwájú, wọ́n fi Twi sọ fún un.

Ọmọkùnrin náà lu ara ọkọ̀ gbàà. "Pẹ́nárítì kẹ̀! Pẹ́nárítì wo?"

Awakọ̀ ní pẹ́nárítì ni. Bàbá kan tó wọ kóòtù níwájú ní bóyá awakọ̀ kò ríran ni, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń gbé wa lọ? Gbogbo ọkọ̀ dá sí i, àti Twi, àti Gá, àti Háúsá, ọmọ mi sì dìde dúró láàárín wọn, ó ń fi ẹsẹ̀ ṣàpèjúwe bí bọ́ọ̀lù ṣe lọ. Títí a fi dé Kaneshie, ẹnikẹ́ni kò gbà fún ẹnikẹ́ni.